Ìka Mẹ́ta Nínú Fóònù Ọmọ́lẹ́yẹ

Ọjọ́ tí Adékànmí gbé fóònù tuntun wọlé fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín kún ilé wọn ní Olódì-Àpápá bí ẹni pé ìkómọ ni wọ́n ń ṣe. Ọdún 2018 ni, nígbà tí tírélà tò láti ẹnu wáàfù títí gun orí afárá, tí awakọ̀ á máa sun iwájú ọkọ̀ rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kó tó kàn án láti gbé kọ̀ǹténà. Tírélà ni Adékànmí ń wà. Ibi tó máa ń tò sí kò jìnnà sílé rárá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wọ́n nílé bí ojú ẹni tó re Kánò.

"Fóònù yìí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń lò," ó wí bó ṣe ń yọ ọ́ nínú páálí. "Ìka ló fi ń mọ ẹni tó ni ín. Olè tó bá jí i, òkúta ló jí."

Ọmọ́lẹ́yẹ jókòó tì í. Tinú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé àgbọ̀n lé èjìká bàbá rẹ̀, ó ń wo iná fóònù náà. Adékànmí ní kí ìyàwó òun kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin sí i.

"Má jẹ̀ẹ́ kí n rí i o," ó wí. "Tìrẹ ni." Ó sì yíjú sí ògiri lóòótọ́.

Nǹkan kékeré yẹn wọ Ọmọ́lẹ́yẹ lára ju fóònù fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ kì í yíjú kúrò lára ohunkóhun tó bá jẹ́ tirẹ̀. A máa tú báàgì rẹ̀. A máa bi í pé ta ló jókòó tì í nínú ọkọ̀. Kò nà án rí, kì í pariwo, kì í mutí, nítorí náà kò sẹ́ni tí Ọmọ́lẹ́yẹ lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ fún un pé ọkọ rere ló ní.

Lẹ́yìn náà ni Adékànmí gba ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ojú róbótó tó wà lẹ́yìn fóònù, ó ní kó máa gbé e sókè, kó tún máa dá a padà, títí àwòrán ìlà ọwọ́ tó wà lójú fóònù fi kún dẹ́múdẹ́mú. "Ó ti mọ̀ ọ́," ó wí. Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ta sí wọn nímú. Ọmọ́lẹ́yẹ sáré dìde. Nígbà tó fi máa bomi sí ìkòkò, tó ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde, tó padà sí pálọ̀, fóònù ti wà lórí tábìlì, bàbá àti ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Kò béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ ilé náà kẹ́yìn.

Ohun kan wà tí Ọmọ́lẹ́yẹ mọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló sì wà, ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ pé òun ń lọ ra ọṣẹ. Ìyá náà kò padà wá. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà ló sọ ọ́ fún un, ó sì sunkún bí ọmọdé. Omijé yẹn ló mú kí Ọmọ́lẹ́yẹ gbà láti fẹ́ ẹ. Ó rò pé òun ni yóò nù ún kúrò lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà tí fóònù dé ni Adékànmí bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Á pe ìyàwó rẹ̀ láti orí ìlà tírélà, á ní, "Àbúrò rẹ ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, àbí?" Ọmọ́lẹ́yẹ á rò pé bóyá àbúrò òun ló pè é. Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì kan ní Marina ní kó wá fún ìdánwò iṣẹ́. Iṣẹ́ náà dára ju èyí tó ń ṣe lọ. Ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ìlà láti ọjọ́ méjì ṣáájú kí ìkésíni náà tó dé, òun náà kò sì sọ ọ́ fún un, torí ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ sí i ná. Ó wọṣọ, ó ṣe ọ̀ṣọ́, ó jáde. Nígbà tó máa dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ta ló dúró níbẹ̀? Adékànmí ni, pẹ̀lú ṣòkòtò tó kún fún gírísì.

"Aṣọ yìí yẹ ọ́," ó wí. "Kó o wá bọ́ ọ kó tó dọ̀tí."

Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n padà sílé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ọmọ́lẹ́yẹ ti sọ ọ̀rọ̀ Marina fún kó tó di ọjọ́ náà, ìyẹn ni Perpetual. Ọ́fíìsì kan náà làwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ẹrù tí wọ́n bá fẹ́ gbà jáde ní wáàfù. Ọmọ Ìgbò ni Perpetual, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán. Ohun tí wọn kò bá lè sọ lójú àwọn ará ọ́fíìsì, wọn á kọ ọ́ síra wọn lórí Wọ́sáàpù, àga kan sí èkejì, ọ̀kan á máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Wàyí o, lẹ́yìn Tinú, oyún méjì ti bàjẹ́ lára Ọmọ́lẹ́yẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Dókítà sọ fún tọkọtaya pé bí òmíràn bá tún dé, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀mí ìyá á wà. Adékànmí dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní àwọn dókítà a máa fẹ́ràn láti dẹ́rù bani, òun sì ń fẹ́ ọmọkùnrin. Ọmọ́lẹ́yẹ kò bá a jiyàn. Ó dá lọ sí ilé ìwòsàn tó ń rí sí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ó gba abẹ́rẹ́. Perpetual nìkan ló kọ ọ́ sí: "Mo ti gbà á. Apá ń ro mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀." Perpetual dá a lóhùn pé, "O káre. Wàá pẹ́ fún Tinú."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Adékànmí dé láti orí ìlà. Ó jẹun tán, ó ṣanwọ́, ó fi aṣọ nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Abẹ́rẹ́ yẹn," ó wí, "ṣé apá ò ro ọ́ mọ́?"

Ọmọ́lẹ́yẹ gbé abọ́ tó fẹ́ kó sílẹ̀. "Abẹ́rẹ́ wo?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, àbí?"

Láti ọjọ́ náà lọ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tinú ló fi ń rán níṣẹ́ sí i, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tilẹ̀ jọ jókòó ní pálọ̀. "Tinú, sọ fún màmá rẹ pé iyọ̀ pọ̀ jù." "Tinú, bi màmá rẹ pé ibo ló fi ẹ̀wù mi sí." Ọmọ náà á yíjú sí ìyá rẹ̀, á sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ́lẹ́yẹ mọ òwe náà, ṣùgbọ́n ewé tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀ ló lọ já. Perpetual ni ó dájú sọ. Kò bi í léèrè, kò bá a jà. Ó ń bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ, ó sì ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ẹnu tó tà mí nìyí.

Perpetual náà ní àṣírí tirẹ̀. Ó lóyún oṣù mẹ́ta. Wọn kò tíì sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti gidi, gbogbo ọ́fíìsì sì mọ̀ pé Ọ̀gá Sànúsí kì í gba aboyún síṣẹ́. Ó fẹ́ kí wọ́n fún un níwèé kí oyún tó yọ. Ọmọ́lẹ́yẹ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó máa wọ aṣọ tó fẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Sànúsí wá ẹni tí yóò bá òun lọ yẹ ẹrù wò lórí àwọn kọ̀ǹténà lọ́nà Kìríkìrì. Ó nàka sí Perpetual. Kí Perpetual tó dìde, Ọmọ́lẹ́yẹ ti lanu.

"Kò ní lè gun àkàbà, sà. Àbí ẹ ò mọ̀ pé ó lóyún ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì wo ikùn Perpetual. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n pe Perpetual wọlé, wọ́n ní àkókò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ti tó. Ó jáde, ó kó ife rẹ̀ àti sálúbàtà tó fi sábẹ́ tábìlì sínú ọ̀rá, ó wá dúró síwájú Ọmọ́lẹ́yẹ.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ó bi í.

"Bi ara ẹ," Ọmọ́lẹ́yẹ dáhùn.

Perpetual wò ó títí, bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ lára ẹni tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Oṣù bíi méjì kọjá. Lọ́jọ́ kan tí Ọmọ́lẹ́yẹ ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e ní àtàǹpàkò. Ó fi báńdéèjì dì í. Bó ṣe dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, fóònù kò mọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó wọ sẹ́tínsì, ó ń wá ibi tí yóò ti fi àtàǹpàkò òsì kún un. Kò dé ibẹ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n ra fóònù náà, ọkọ rẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ojú ìwé náà ṣí, ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: ìka kìíní, ìka kejì, ìka kẹta.

Ó rò pé òun kò kà á dáadáa. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi sí i. Ó tú báńdéèjì, ó gbé àtàǹpàkò tó gé sẹ́yìn fóònù; lẹ́yìn ìgbìyànjú díẹ̀, ojú ìlà kìíní tàn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Ó gbé ìka mẹ́sàn-án yòókù lé e. Kò sí èyí tó tàn. Ìka méjì wà nínú fóònù rẹ̀ tí kì í ṣe ara rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ó rántí ìkòkò ẹ̀wà. Ó rántí ẹ̀rín pálọ̀. Ó rántí Perpetual tó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tò. Bí ìka kan bá jẹ́ ti Adékànmí, báwo ni ẹni tó wà lórí ìlà tírélà ṣe mọ̀ nípa Marina kó tó délé? Ta ló ni ìka kẹta?

Ọ̀sán Sunday tó tẹ̀ lé e, Adékànmí sùn sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ létí àga. Ọmọ́lẹ́yẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà. Ó ti dì í mú nínú ìdùnnú rí, ó ti dì í mú nínú ìrora ọmọ bíbí. Lọ́jọ́ náà ó gbé e bí ẹni tó gbé ejò tó ń sùn. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan fóònù. Kò tàn. Ó fi ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kàn án. Ojú ìlà kejì tàn.

Ó tún gbìyànjú ìka àárín, ó gbìyànjú ọmọńdinrín. Ìlà kẹta kò mira. Adékànmí mí kanlẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àyà, ó yíjú sí ẹ̀yìn àga. Ọmọ́lẹ́yẹ ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe ti Dádì, Mọ́mì."

Tinú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi kọ́tìnnì bo ara rẹ̀ dé ọrùn. Ìyá rẹ̀ fi orí pè é, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà na ìka rẹ̀ síta fúnra rẹ̀. Ó gbé e lé ẹ̀yìn fóònù. Ìlà kẹta tàn.

Ọmọ́lẹ́yẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lo máa ń fi ṣe?"

"Bẹ́ ẹ bá ń wẹ̀. Mo máa ń fi ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí Dádì, màá sì pa á rẹ́. Wọ́n kọ́ mi."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni màmá tiwọn náà ṣe, pé wọn ò tètè mọ̀ ni. Wọ́n ní tá a bá tètè mọ̀, ẹ ò ní lọ."

Ọmọ́lẹ́yẹ fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò gbé ìbínú náà kà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ń fi ìka kan ṣoṣo di ilé mú láti ọjọ́ tí fóònù ti dé, kó má baà wó. Ó fà á mọ́ra. Ara Tinú le gan-n-gan bí igi.

Lẹ́yìn náà ló tún ṣí ojú ìwé náà. Ó tẹ ìka kejì, fóònù bi í bóyá kí òun pa á rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ìka kẹta.

"Mọ́mì," Tinú wí, "ṣé ẹ máa pa èmi náà rẹ́ ni?"

"Ìka lásán ni, Tinú. Kì í ṣe ìwọ."

Ó pa á rẹ́. Nígbà tó ṣẹ́ku àtàǹpàkò tirẹ̀ nìkan, ó wò ó, ó ronú lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní pálọ̀. Ìka ẹni tó sùn kò lè kọ̀ fún ẹni tó bá gbé e. Ó pa tirẹ̀ náà rẹ́, ó sì yí nọ́ńbà àṣírí padà sí èyí tí kò jọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni.

"Má sọ fún dádì rẹ o," ó wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, ó gbọ́ ohùn ẹni tó jọ. Ó fẹ́ kó o padà, ṣùgbọ́n Tinú ti mi orí pé òun gbọ́, bó ṣe ti máa ń mi orí fún bàbá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò ti ọ́fíìsì lọ sílé tààrà. Ó wọ Ajégúnlẹ̀, ó béèrè ilé Perpetual dé ojúlé kan tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn kọjá níwájú rẹ̀. Perpetual jókòó sórí àpótí, ó ń fọ aṣọ. Ikùn rẹ̀ ti yọ. Kò dìde, kò ní kó jókòó.

Ọmọ́lẹ́yẹ kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: fóònù, ìka mẹ́ta, abẹ́rẹ́, Tinú. Ó ní, "Mo rò pé ìwọ ni. Jọ̀ọ́, ṣe mí bó o bá ṣe fẹ́."

Perpetual fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ títí omi fi tán lára rẹ̀. "O ò bi mí," ó wí. "Mo bi ẹ́, o ní kí n bi ara mi. Ìwọ ò bi mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Ọmọ́lẹ́yẹ."

"Mo mọ̀."

"Àforíjì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò tíì dé ọwọ́ tèmi." Ó ki ọwọ́ sínú omi ọṣẹ, ó mú aṣọ mìíràn. "Dìde nílẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Abeg, máa lọ sílé. Kó o sì ṣọ́ra. Ọkùnrin tó lè fi ọmọ ẹ̀ ṣe báyẹn, mi ò mọ ohun tí kò lè ṣe."

Adékànmí padà dé láti orí ìlà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó jẹ ẹ̀bà, ó bi Tinú nípa iṣẹ́ iléèwé. Ọmọ́lẹ́yẹ bọ́ síta lọ fa omi. Nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé, fóònù rẹ̀ wà lórí orúnkún ọkọ rẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ ọkùnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń dá a padà.

"Fóònù rẹ ò mọ̀ mí mọ́," ó wí, bí ẹni ń ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ fúnra rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ abẹ́rẹ́.

"Ṣé ó yẹ kó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Adékànmí wo Tinú. Tinú wo ilẹ̀.

"Gbé àtàǹpàkò rẹ wá," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ́lẹ́yẹ na ọwọ́. Ó rò pé bó bá rí i pé kò ṣí, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Adékànmí tẹ àtàǹpàkò náà mọ́ ọn, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó mú ìka tó tẹ̀ lé e. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Fóònù kò dáhùn sí ìka kankan; nọ́ńbà àṣírí nìkan ló ń béèrè.

"Nọ́ńbà ńkọ́?"

"Tèmi ni. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù nínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bẹ ọmọ kó jẹun. Ó ní, "Sọ ọ́, Ọmọ́lẹ́yẹ," ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún ní, "Sọ ọ́," ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Egbò ibi tí ọ̀bẹ gé ya. Ọmọ́lẹ́yẹ fọwọ́ kejì gbá a lójú, gbá a láyà, bí ẹni ń gbá ògiri ni. Tinú dìde, ó sáré jáde kúrò nínú ilé, bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè, ó kàn na ọwọ́ kan fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí egungun náà ṣẹ́, ó dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ́lẹ́yẹ ló ké.

Ilẹ̀kùn ti ń mì. Akpevwe, tí gbogbo ilé ń pè ní Mama Ovie, aránṣọ tó ń gbé ní yàrá òdìkejì, ló ń fi gbogbo ara gbá a. "Baba Tinú! Leave that woman hand! I go scatter this door o!" Ìkọ́ ilẹ̀kùn já, ó wọlé, Tinú wà lẹ́yìn rẹ̀.

Adékànmí fi ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, Mama Ovie. Ẹ má dá sí i."

"Na so dem dey talk before dem carry person go mortuary," Mama Ovie wí. Ó tú ìborí orí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ. "Oya, dìde. Tinú, mú bàtà màmá ẹ."

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dé tí Adékànmí fi bú sẹ́kún. Ẹkún kan náà ni, èyí tó sun nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà. "Ṣé o fẹ́ lọ bíi tirẹ̀ ni? Ọmọ́lẹ́yẹ, ṣé bíi tirẹ̀ náà lo fẹ́ ṣe ni?"

Ó dúró. Àánú rẹ̀ ṣe é lóòótọ́, kò sì tijú àánú náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ń la ìborí Mama Ovie kọjá, Tinú sì ti gbé bàtà sílẹ̀ síwájú rẹ̀, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Ó wọ̀ ọ́, ó jáde.

Wọ́n to ọwọ́ náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Olódì. Egungun rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò náà kò tẹ̀ dáadáa mọ́. Bó bá ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, á yà sọ́tọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n ní ìka ló ṣẹ́, ilé kò ṣẹ́, kó máa bọ̀ nílé. Ó fi omi tútù ṣe wọ́n lálejò, ó dúpẹ́, kò bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n Mama Ovie bá a wá yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, ibẹ̀ ni òun àti Tinú ń gbé. Ó máa ń pàdé Perpetual lọ́nà nígbà mìíràn, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn. Perpetual á dáhùn, kì í dúró.

Adékànmí kò wá sílé náà. Ẹnu ọ̀nà iléèwé ló ń lọ. Nígbà tí iléèwé bá jáde, á dúró sábẹ́ òjìji ògiri pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, á bá ọmọ rẹ̀ rìn díẹ̀. Á bi í pé ta ló ń wá kí màmá rẹ̀, ta ni màmá rẹ̀ ń pè, kí ni nọ́ńbà àṣírí fóònù tuntun tí màmá rẹ̀ rà. Ọmọ́lẹ́yẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá iléèwé ní bàbá ọmọ ni, òun kò lè lé e lójú títì. Tinú kì í jẹ bisikíìtì náà, kì í sì í jù ú nù. Ó ń tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí èèrà fi kó bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ fi iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí. Ọmọ́lẹ́yẹ ń se ọbẹ̀, ata ti kó sí i lọ́wọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Tinú, mú fóònù, kó o ka iṣẹ́ rẹ. Wá, kí n sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹ."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó ti rò ó fún ọjọ́ púpọ̀ pé bí òun bá fọkàn tán an báyìí, ara ọmọ náà á tú.

Tinú fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Bí Dádì bá bi mí, mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọmọ́lẹ́yẹ pa iná sítóòfù. Ó ṣanwọ́, ó nù ún, ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó gbé fóònù síwájú ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì. Tinú kó ọwọ́ sábẹ́ itan, ó tẹrí síwájú, ó ń kà á. Bó bá kà á dé ìsàlẹ̀, ó ń gbójú sókè, ìyá rẹ̀ á bá a yí ojú ìwé náà sókè díẹ̀. Bí iná fóònù bá ń kú lọ, ìyá rẹ̀ á fọwọ́ kàn án. Ó dúró tì í bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi kà á tán, ọbẹ̀ sì ti tutù lórí sítóòfù.